Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bẹ kànga gáàsì ṣéèlì wò rí: ọjọ́ wo ló yẹ kí alábẹ̀wò dúró ti kànga?

Kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń yẹ táǹkì epo abẹ́ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí kànga gáàsì lóṣù tó kọjá. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ilé iṣẹ́ kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga mẹ́rin lójú ibi kan náà. Inú òkúta ṣéèlì, ìyẹn òkúta tí gáàsì há sínú rẹ̀, tí wọ́n máa ń fi omi àti iyanrìn tó ní ìfúnpá ńlá fọ́ kí gáàsì lè jáde, ni gbogbo wọn ń lọ, èmi ni wọ́n sì yàn láti máa bẹ̀ wọ́n wò.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi jẹ́ ojú ìwé mẹ́ta. Ó ń bi mí bóyá wọ́n gbé pátákó orúkọ kànga sójú ọ̀nà, bóyá ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà ń ṣàn wọ odò, bóyá rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sínú kòtò ti ya, bóyá ìdọ̀tí wà nílẹ̀. Gbogbo ìyẹn ló yẹ ká wò. Ṣùgbọ́n ìlà méjì péré ló kan kànga fúnra rẹ̀, méjèèjì ló sì ń béèrè bóyá ìwé wà. Kànga yìí máa jìn ju 2,000 mítà lọ, á wá yí padà, á nà gbọọrọ nínú òkúta. Mi ò rí ibi tí fọ́ọ̀mù yẹn ti máa jẹ́ kí n mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dára.

Ìkejì, a ò pọ̀. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta, ni mo máa lè dé ìdí kànga kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tí irin bá wọlẹ̀ títí di ọjọ́ tí gáàsì á máa jáde. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ọjọ́ wo lẹ máa mú?

Màmá Ríìgì (Ọjọ́ Ajé, 9:02 àárọ̀)

Àbúrò mi, o kú ìtẹ̀síwájú. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí o ń ṣe yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, inú mi sì dùn pé ìbéèrè tí o kọ́kọ́ bi nìyí.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń da sìmẹ́ńtì sẹ́yìn surface casing ni. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀gá rẹ yọ̀ǹda fún ọ, ọjọ́ yẹn ni kí o mú.

Ìdí rẹ̀ ni pé páìpù nínú páìpù ni kànga gáàsì. Casing, tàbí kéésìn, là ń pe àwọn páìpù irin náà. Conductor ló ń kọ́kọ́ wọlẹ̀ kí ilẹ̀ rírọ̀ òkè má baà ya. Surface casing ló tẹ̀ lé e, òun ló máa kọjá gbogbo omi tí èèyàn lè mu lábẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni intermediate, bí ètò kànga bá ní in, àti production casing tó ń dé inú ṣéèlì. Àlàfo tó wà láàárín páìpù àti ògiri òkúta, tí à ń pè ní annulus, sìmẹ́ńtì la fi ń dí i. Bí ojú kan bá ṣí sílẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì yẹn, gáàsì á bá ibẹ̀ gòkè, omi àwọn ará àdúgbò ló sì máa kọ́kọ́ kàn.

Pátákó tí kò sí lójú ọ̀nà lónìí, o lè padà wá wò ó lọ́la. Rọ́bà tó ya, o ṣì máa bá a níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n dà lóru àná, ilẹ̀ ti bò ó. Ìwé nìkan lo máa bá, ìwé náà á sì sọ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ lọ déédéé.

Ní Dimock, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, gáàsì tó kóra jọ bú gbàmù níbi kànga omi ilé kan. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà wádìí ọ̀rọ̀ omi àdúgbò yẹn, kéésìn àti sìmẹ́ńtì tí wọn ò ṣe dáadáa lára àwọn kànga gáàsì ìtòsí ni wọ́n tọ́ka sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wàhálà yẹn fi wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òkúta tí wọ́n fọ́ nísàlẹ̀ jínjìn ló ya títí dé òkè. Ara kànga gan-an ni ọ̀nà tí gáàsì gbà.

Òfin Pennsylvania wá ní kí ilé iṣẹ́ fi tó ìjọba létí ní wákàtí 24 ṣáájú: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́, kí wọ́n tó da sìmẹ́ńtì sí kéésìn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó dán ìfúnpá production casing wò, kí wọ́n tó fọ́ òkúta, àti kí wọ́n tó dí kànga pa. Wo òfin ibi tí o wà bóyá irú rẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá wà, má ṣe jẹ́ kí ìfitónilétí yẹn máa bọ́ sínú àpótí ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí lópin ọ̀sẹ̀. Fóònù tìrẹ ni kó máa wọ̀.

Sìmẹ́ńtì Ló Mọ̀ (Ọjọ́ Ajé, 12:40 ọ̀sán)

Òótọ́ ni Màmá sọ. Ìdí ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ńtì ni mo ti lo ọdún mọ́kànlá. Mo ti rí alábẹ̀wò tó wá, tó dúró níbi àwọn ọkọ̀ ńlá fún ogún ìṣẹ́jú, tó buwọ́ lùwé, tó sì lọ. Kò rí nǹkan kan. Ibi tó yẹ kí ojú rẹ wà ni mo fẹ́ sọ.

Kí sìmẹ́ńtì tó dé rárá, lọ síbi tí wọ́n to páìpù sí. Ka centralizer, ìyẹn àwọn irin onírírí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń fi sára kéésìn kó lè dúró ní àárín gbùngbùn ihò. Bí ètò bá ní ogún, tí o wá ka mọ́kànlá, béèrè. Kéésìn tó bá fara ti ògiri lápá kan kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì wọ apá yẹn. Ibi tó fẹ̀ ni sìmẹ́ńtì ń gbà kọjá, mọ́ọ̀dù àtijọ́, ìyẹn ẹrẹ̀ olómi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò, á sì wà níbi tó há. Ibẹ̀ ni gáàsì máa bá gòkè lọ́jọ́ iwájú. Nínú iṣẹ́ tí mo rí tó bàjẹ́, èyí pọ̀ ju sìmẹ́ńtì tí kò dára lọ.

Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó, ìwúwo ni kí o máa ṣọ́. Má gba nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ nìkan. Sọ pé kí wọ́n fi òṣùwọ̀n ọwọ́ wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ. Bí ètò bá ní 15.6 pọ́n-ùn fún gálọ́ọ̀nù kan, tí o wá ń rí 14.8, omi ti pọ̀ jù, kò sì ní le bó ṣe yẹ. Kí wọ́n bu díẹ̀ sínú ife, kí o kọ aago sí i lára. Ti inú ife kọ́ ló máa sọ bí ti inú kànga ṣe le tó, torí ooru ibẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ti inú ife bá kọ̀ tí kò dì, o ti ní ìbéèrè lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, lọ dúró síbi tí nǹkan ti ń padà jáde lẹ́nu kànga. Ojú ara rẹ ni kí o fi rí sìmẹ́ńtì tó jáde. Kọ aago tó yọjú àti iye àgbá tó jáde. "Ó padà" tí wọ́n máa ń kọ sínú ìjábọ̀ kò tó: mélòó ló padà? Bó bá padà, tó tún wá rọ̀ lọ sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, kọ ìyẹn náà. Ní ìparí, wọ́n á máa ti plug (ohun ìdí tó ń tẹ̀ lé sìmẹ́ńtì nínú páìpù) lọ sísàlẹ̀ títí á fi gúnlẹ̀, ìfúnpá á sì fò sókè lójú géèjì. Kí wọ́n tú ìfúnpá yẹn sílẹ̀, kí ẹ jọ wò ó bóyá nǹkan ń ṣàn padà. Bó bá ń ṣàn, fáàfù ìsàlẹ̀ ò dí.

Ó wá ku ìdúró. Pennsylvania ní kí ẹnikẹ́ni má da kéésìn láàmú fún wákàtí 8 ó kéré tán. Ní Texas, sìmẹ́ńtì tó wà níbi tó ṣe kókó jù lẹ́yìn surface casing gbọ́dọ̀ ti ní agbára 500 psi (pọ́n-ùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan) kí wọ́n tó gbẹ́ plug kọjá, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń dé 1,200 psi ní wákàtí 72. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni owó ríìgì, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń gbẹ́ kànga, ń gùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kánjú níbí. Béèrè aago tí wọ́n parí, béèrè aago tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, kí o fúnra rẹ ṣírò rẹ̀.

Àyànfẹ́Omi (Ọjọ́ Ajé, 3:27 ọ̀sán)

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Bí 400 mítà ni ilé mi sí kànga gáàsì kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó wá bu omi mi lọ yẹ̀ wò. Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà ni omi ẹ̀rọ ilé idáná bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ọṣẹ. Mo pe ilé iṣẹ́ náà, wọ́n ní gáàsì ti wà nínú omi àdúgbò yìí tipẹ́. Mo pe ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n bi mí pé kí ni ẹ̀rí mi. Mi ò ní. Títí dòní, omi tí mo rà ni mo fi ń se oúnjẹ àwọn ọmọ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé iṣẹ́ alábẹ̀wò ni irú èyí, àbí ti ara wa la máa ṣe?

Màmá Ríìgì (Ọjọ́ Ajé, 4:10 ìrọ̀lẹ́)

Àyànfẹ́Omi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú ìfaradà.

Iṣẹ́ wa ni. Ọ̀pọ̀ wa ni kì í kà á sí iṣẹ́ wa, àṣìṣe sì ni. Ní Pennsylvania, òfin ọdún 2012 sọ pé bí omi ilé tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 2,500 sí kànga ṣéèlì bá bàjẹ́ láàárín oṣù 12 tí wọ́n parí iṣẹ́ tàbí tí wọ́n yí i padà, ilé iṣẹ́ náà ni òfin kọ́kọ́ máa dá lẹ́bi, àfi bí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé kì í ṣe àwọn. Ẹ̀rí tó sì lágbára jù fún wọn ni omi tí wọ́n ti yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ omi wò níbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fipá mú wọn. Ibi tí òfin bá ti ní kí ẹni tí omi rẹ̀ bàjẹ́ mú ẹ̀rí wá, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí náà ló ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ ṣì lè ṣe nǹkan kan. Ilé àyẹ̀wò wà tó lè wo ìsótòòpù, ìyẹn oríṣi átọ́ọ̀mù tó wà nínú gáàsì mẹtéènì. Gáàsì tí kòkòrò tíntìntín ṣe nítòsí òkè àti gáàsì tí ooru ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ṣe, àmì wọn ò dọ́gba. Ìyẹn nìkan ò tó láti sọ pé kànga báyìí ni, torí irú gáàsì kejì yìí lè wà nínú àwọn òkúta tó sún mọ́ òkè náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi wé gáàsì tó ń jáde lẹ́yìn kéésìn kànga yẹn, ọ̀rọ̀ á ti yàtọ̀. Ẹ kọ̀wé béèrè ìwé ìfúnpá annulus kànga náà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ má fi ẹnu nìkan béèrè.

Kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́, ìwọ náà gbọ́. Kí irin tó wọlẹ̀, gba orúkọ ilé tí wọ́n ti bu omi wọn, kí o sì ka ilé tó wà lójú máàpù. Bí iye méjèèjì ò bá dọ́gba, béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Baba Mọ́ọ̀dù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:55 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má bínú, mo fẹ́ yà díẹ̀ sí ohun tẹ́ ẹ ti sọ.

Sìmẹ́ńtì burúkú ń ba omi jẹ́ díẹ̀díẹ̀. BOP, ìyẹn àwọn fáàfù ńlá tó ń ti ẹnu kànga pa bí gáàsì bá fẹ́ tú jáde, bí kò bá ṣiṣẹ́, ó ń pa èèyàn láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ti wà lórí ríìgì tí gáàsì ti ti mọ́ọ̀dù jáde, mo mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Bó bá jẹ́ èmi, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ surface casing kọjá ni mo máa wà níbẹ̀, torí láti ibẹ̀ lọ ni ihò lè bá gáàsì pàdé nígbàkigbà. Kì í ṣe inú ṣéèlì nìkan ni gáàsì wà. Àwọn àpò kéékèèké wà lókè tí kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni.

Kí wọ́n dán BOP wò níṣojú rẹ. Ìfúnpá kékeré ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi dán an wò, 250 sí 350 psi, kí wọ́n tó lọ sí ti ńlá, kí kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n fẹ́ràn láti fo ti kékeré. Ewu rẹ̀ ni pé ìfúnpá ńlá máa ń ti rọ́bà mọ́ irin, tí yóò fi dà bíi pé ó dí. Ìfúnpá kékeré ló ń fi ibi tó ń jò hàn. Wo ṣáàtì: ìlà tó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe ìlà tó dúró. Lẹ́yìn náà, sọ fún wọn pé kí wọ́n ti ram, irin tó ń dí ihò nínú BOP, pa, kí o fi aago ọwọ́ rẹ kà á. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Wo accumulator, àgbá tó ń tọ́jú ìfúnpá tí BOP fi ń ṣiṣẹ́, bóyá ìfúnpá tó kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn tún lè tì í lẹ́ẹ̀kan sí i.

Má gbàgbé láti bá ọmọ tó ń ṣọ́ táǹkì mọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Bi í pé: bí mọ́ọ̀dù bá ń pọ̀ sí i nínú táǹkì tí ẹnikẹ́ni ò da nǹkan kún un, kí lo máa ṣe? Bó bá wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kó tó dáhùn, kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí wọ́n bá gbẹ́ ìsàlẹ̀ surface casing kọjá, wọ́n á dán agbára òkúta ibẹ̀ wò kí wọ́n tó máa lọ. Nọ́ńbà tó bá jáde nínú ìdánwò yẹn ló ń sọ bí mọ́ọ̀dù tí wọ́n máa lò nísàlẹ̀ ṣe lè wúwo tó kí òkúta má baà là. Fi wé ètò wọn.

Màmá Ríìgì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 àárọ̀)

Baba, mi ò bá yín jiyàn lórí ewu rẹ̀. Macondo, kànga epo kan ní Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀, ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2010, èèyàn 11 ló kú. Orí òkun ni, kì í ṣe ṣéèlì, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe tò: sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ kùnà, wọ́n ṣi ìdánwò ìfúnpá kà, BOP wá kùnà sẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Àwọn tó yẹ kó fi ẹ̀rọ wo sìmẹ́ńtì yẹn ti dé orí ríìgì. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dá wọn padà sílé láìjẹ́ pé wọ́n ṣiṣẹ́.

Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé wọ́n lè tún BOP dán wò lọ́la, kí wọ́n sì tún un ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ríìgì fúnra wọn sì fẹ́ kó ṣiṣẹ́, torí ẹ̀mí wọn wà níbẹ̀. Ta ló wà lórí ríìgì tó ń ṣọ́ omi Àyànfẹ́Omi? Àfi alábẹ̀wò.

Baba Mọ́ọ̀dù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:41 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn wọ̀ mí lára, Màmá. Bó bá ṣeé ṣe, kó mú méjèèjì pọ̀. Ìdánwò BOP àti gbígbẹ́ kọjá kì í ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ lẹ́yìn sìmẹ́ńtì surface casing. Bó bá sùn sítòsí, ó lè rí gbogbo rẹ̀ nínú ìrìn àjò kan.

Ṣọ́Géèjì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán)

Iṣẹ́ ìparí kànga lèmi ń ṣe, ẹ sì ti fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ sórí gbígbẹ́. Kó fi ọ̀kan pa mọ́ fún wa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fọ́ òkúta, ojú gbogbo èèyàn ló máa ń wà lórí ìfúnpá tí ẹ̀rọ fi ń ti omi wọlé, inú yàrá tí wọ́n ti ń darí ẹ̀rọ. Èmi ní kí o béèrè ìfúnpá annulus, èyí tó wà lẹ́yìn production casing. Ṣé géèjì wà níbẹ̀? Ṣé nọ́ńbà rẹ̀ ń wọ ojú kọ̀ǹpútà, àbí ẹnì kan ni wọ́n ní kó máa rìn lọ wò ó? Ṣé wọ́n ti kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ ṣáájú pé bó bá dé ibẹ̀ a máa dá ẹ̀rọ dúró, ta ló sì ní àṣẹ láti dá a dúró? Bí nọ́ńbà yẹn bá fò sókè nígbà tí ẹ̀rọ ń tì, omi ti ń bá ibi tí kò yẹ lọ nìyẹn.

Kí wọ́n tó ti omi kankan wọlé, kí wọ́n ti dán production casing àti orí kànga wò dé ìfúnpá tí wọ́n fẹ́ lò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ní Leroy Township ní Bradford County, ní Pennsylvania, orí kànga kan kùnà lákòókò tí wọ́n ń fọ́ òkúta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálọ́ọ̀nù omi sì tú jáde, díẹ̀ nínú rẹ̀ wọ odò kékeré tó wà nítòsí. Ní Greene County, ní oṣù kejì ọdún 2014, wọ́n ti fọ́ òkúta tán, wọ́n ń múra láti so kànga mọ́ ọ̀nà gáàsì, skúrù kan yọ lára orí kànga, gáàsì tú, ó gbiná, òṣìṣẹ́ kan kú. Nítorí náà, má gbà pé ewu ti tán bí ẹ̀rọ ńlá bá ti lọ.

Béèrè nípa àwọn kànga àtijọ́ tó wà nítòsí. Láti ọdún 1859 ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga epo ní Pennsylvania, ọ̀pọ̀ ló sì wà tí wọn ò dí dáadáa, tí ẹlòmíì ò sí lójú máàpù kankan. Òfin ibẹ̀ ní kí ilé iṣẹ́ wá àwọn kànga tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ihò òòró àti sí gbogbo ibi tí ihò gbọọrọ máa gbà lábẹ́. Omi tí wọ́n tì wọlé lè jáde lẹ́nu kànga àgbàlagbà kan nínú oko ẹni ẹlẹ́ni. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan. Aládùúgbò ló pè wá, kì í ṣe géèjì.

Nígbà tí omi bá ń padà jáde, wo táǹkì àti ohun tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ wọn. Omi tó ń jáde látinú ṣéèlì Marcellus, èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ní Pennsylvania, níyọ̀ ju omi òkun lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, radium, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, sì wà nínú rẹ̀. Wo ibi tí gáàsì tó bá a jáde ń lọ. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2015 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé kí wọ́n máa gbà á sínú ẹ̀rọ dípò kí wọ́n máa tú u sáfẹ́fẹ́ nígbà ìparí ọ̀pọ̀ kànga gáàsì tí wọ́n fọ́ òkúta rẹ̀.

Eruku iyanrìn náà: bí o bá rí i tó ń fẹ́ funfun níbi tí wọ́n ti ń da iyanrìn, má dúró níbẹ̀ láìfi nǹkan bo imú. Àjọ ìlera òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti 2012. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́, kì í sì í sàn.

Ará Lancashire (Ọjọ́rú, 10:05 àárọ̀)

Mo fẹ́ fi ti England kún un. Lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ tó ń mì ló gba gbogbo etí. Ní Preese Hall, kànga ṣéèlì kan ní Lancashire, ní 2011, ìmìtìtì ilẹ̀ tó tó 2.3 wáyé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, òmíràn tó tó 1.5 tẹ̀ lé e lóṣù karùn-ún. Kéésìn ìsàlẹ̀ kànga yẹn sì tẹ̀, kò rí róbótó mọ́. Ìjọba wá ṣe òfin pé bí ìmìtìtì bá ti dé 0.5, kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró.

Wọ́n tún gbìyànjú ní Preston New Road, ní Lancashire kan náà, láti oṣù kẹwàá 2018. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2019, ilẹ̀ mì dé 2.9, àwọn èèyàn sì mọ̀ ọ́n lára nínú ilé wọn. Ẹ̀rọ ti dákẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́ta nígbà náà. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí Kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́ rántí: ìfúnpá tí wọ́n ti tì sínú òkúta ṣì ń rìn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìjọba dá iṣẹ́ náà dúró. Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ padà lóṣù kẹsàn-án 2022, wọ́n sì tún dá a dúró lóṣù kẹwàá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Àjọ mẹ́rin ló ń bójú tó kànga kan lọ́dọ̀ wa: ti ààbò òṣìṣẹ́, ti àyíká, ti epo àti gáàsì, àti ìgbìmọ̀ county. Lórí inú kànga, ohun tí àjọ ààbò ń rí déédéé ni ìjábọ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́, pẹ̀lú olùyẹ̀wò kànga tó yẹ kó dá dúró. Òfin gbà kí olùyẹ̀wò yẹn jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà, bí kò bá ṣáà ti sí lábẹ́ àwọn tó ń gbẹ́ kànga. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń ti ibì kan wá, ó ṣòro kó ní kí ibẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́ (Ọjọ́rú, 7:30 alẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ọ̀gá mi. Ó ní ìwé ẹnjiníà ilé iṣẹ́ náà ti tó lórí sìmẹ́ńtì, pé wọ́n á fi log, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ̀ sínú kànga láti yẹ sìmẹ́ńtì wò, wò ó bí ìṣòro bá wà. Ṣé òótọ́ ni pé log lè rọ́pò kí èèyàn wà níbẹ̀?

Sìmẹ́ńtì Ló Mọ̀ (Ọjọ́rú, 8:12 alẹ́)

Rárá. Ìró ohùn ni log fi ń mọ̀ bóyá sìmẹ́ńtì lẹ̀ mọ́ páìpù. Ó lè fi ibi tí sìmẹ́ńtì dé hàn, àti ibi tí kò lẹ̀ rárá. Ọ̀nà tóóró tí gáàsì lè gbà, ó lè fo ìyẹn. Àlàfo tín-ín-rín láàárín sìmẹ́ńtì àti páìpù sì lè mú kí sìmẹ́ńtì tó dára dà bí èyí tó burú, débi pé ẹni tó ń ka ṣáàtì lè sọ ohunkóhun tó bá wù ú. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé bí o bá ti rí ìwúwo, tí o rí iye tó padà, tí o mọ aago tí wọ́n dúró, ìgbà náà ni log máa ní ìtumọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́ (Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kejì, 5:48 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti dé. Ọ̀gá mi gbà, ó ní kí n lo ọjọ́ mi bó ṣe wù mí ṣùgbọ́n kí n kọ ìjábọ̀ tó kún.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ìfitónilétí dé pé aago méjì òru ni wọ́n máa da sìmẹ́ńtì, nígbà tó yẹ kó ti dé ní wákàtí 24 ṣáájú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì wakọ̀ lọ. Mo ka centralizer: mẹ́tàlá ni, mẹ́rìndínlógún ni ètò. Wọ́n ní mẹ́ta bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n dúró, wọ́n lọ mú mẹ́ta wá láti ibi tí wọ́n kó ẹrù sí, wákàtí méjì sì lọ.

Ìwúwo dára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wá dúró síbi tí ó ti ń padà, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Omi jáde, spacer tó láwọ̀, ìyẹn omi tó ń ṣáájú sìmẹ́ńtì, jáde, ó sì dákẹ́. Sìmẹ́ńtì ò yọjú rárá. Ẹni tó ń kọ ìwé lójú ibẹ̀ ti kọ "àgbá mẹ́ta padà" sínú ìjábọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo wà níbẹ̀, pé òdo ni mo rí. Ó wojú mi fún ìgbà pípẹ́, ó fa igi lé e, ó sì kọ òdo.

Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru wo inú kànga lọ́jọ́ kejì, torí sìmẹ́ńtì tó ń dì máa ń gbóná. Mítà 46 ló kù kó dé òkè, ibi tí omi tí wọ́n ń mu wà sì bẹ̀rẹ̀ láti mítà 20. Wọ́n ki páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àlàfo yẹn, wọ́n da sìmẹ́ńtì sí i títí ó fi kún dé ẹnu. Mo rí i lójú ara mi.

Ẹ̀yin méjèèjì, Màmá àti Sìmẹ́ńtì, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Bí mo bá ti tẹ̀ lé fọ́ọ̀mù, pátákó wọn mọ́ tónítóní.

Sìmẹ́ńtì Ló Mọ̀ (Ọjọ́ Àìkú, 6:20 ìrọ̀lẹ́)

O ṣeun, àbúrò. Iṣẹ́ ò tíì tán o. Bí ìwúwo bá dára tí iye rẹ̀ sì pé, tí kò wá padà, òkúta ló gbé e mì. Ojú kan wà lókè níbẹ̀ tó ya. Kànga mẹ́ta tó kù máa gba inú òkúta kan náà kọjá, mítà mélòó kan péré síra wọn. Bí wọ́n bá tún lo ètò kan náà, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀. Béèrè ètò tuntun: sìmẹ́ńtì tó fúyẹ́ níwájú, ohun tó ń dí ojú òkúta nínú rẹ̀, àti iye tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bi wọ́n pẹ̀lú ibi tí mọ́ọ̀dù ti ń sọnù nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ihò yẹn. Ó ní láti wà nínú ìwé ojoojúmọ́ wọn.

Àyànfẹ́Omi (Ọjọ́ Àìkú, 7:03 alẹ́)

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ, ọmọ mi. Àwọn tó ń mu omi yẹn ò mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí o ṣe fún wọn. Mo ti kọ lẹ́tà tí Màmá ní kí n kọ, mo ń retí èsì.

Kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 9:31 àárọ̀)

Àmín, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, bí èsì bá dé, ẹ gbé e síbí ká jọ kà á.

Sìmẹ́ńtì, mo rí i nínú ìwé wọn: mọ́ọ̀dù sọnù ní mítà 61, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti kọ̀wé pé wọn ò gbọdọ̀ ki kéésìn bọ kànga kejì kí ètò tuntun tó dé ọwọ́ mi. Wọ́n fi í ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Sìmẹ́ńtì iwájú ti fúyẹ́, wọ́n sì ti fi kún iye rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa dà á, aago mẹ́rin ìdájí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìfitónilétí ti dé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.